ÀJÀYÍ CROWTHER: BÍ Ó TI ṢE DI ARÚGBÓ NÍ OJÚ ODÒ ỌYA

Wadata ni orúkọ àdúgbò tí ìjọ wa wà ní ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ọ̀rọ̀ Hausa ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọrọ̀ tàbí ànító. Orúkọ náà bá àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ibẹ̀ mu púpọ̀, nítorí pé ànító ni ó mú wọn kúrò ní ilé baba wọn. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń ṣí ìsọ̀ wọn ní ọjà, ilẹ̀ a sì ti ṣú pátápátá kí wọ́n tó tì í. Nínú oòrùn oṣù April, tí ooru ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n, ẹni wa a jókòó ti ọjà láì fi omi kan ẹnu títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Oúnjẹ ti di ohun tí a ń jẹ nígbà tí oníbàárà kò bá sí. Nígbà tí a sì ti ẹnu ibodè Nàìjíríà pa ní 2023, tí ẹrù há sí ojú ọ̀nà, oorun dá lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún oṣù púpọ̀. A ti sin àwọn kan tí kò yẹ kí a tíì sin.

Ìdí nìyí tí àwa tí a yàn láti kọ ìwé láti ẹ̀ka yìí fi rò ó pé, dípò kí a kàn ka òfin ìlera sí àwọn ará létí, kí a sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi 50 ọdún bá odò tí ń ṣàn kọjá létí Niamey lò, ní ìgbà tí àwọn òyìnbó ń pe ilẹ̀ wa ní ibojì wọn, síbẹ̀ tí ó di arúgbó kí ó tó kú. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ẹni tí a ń wí. Kò sí ọmọ ìjọ kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nítorí Bíbélì tí a ń kà. Kò dé Niamey rí, nítorí pé àwọn àpáta inú odò ní agbègbè Bùsá kò jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó ti òkun wá lè gòkè kọjá. Ṣùgbọ́n odò kan náà ni. Àwa Yorùbá ń pè é ní Ọya, àwọn Hausa ń pè é ní Kwara, àwọn Zarma ń pè é ní Isa. Omi tí ó kọjá lẹ́yìn ìlú wa lónìí ni yóò kọjá ní Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja bí ó bá yá.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ní 1821 ogun kó ìlú náà. A mú un pẹ̀lú Àfàlá ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, láìpẹ́ a sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ẹni tí ó ni ẹṣin tún dá a padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù April 1822, àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Pọtogí tí a kó o sí lójú òkun, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

A fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí i pé ọmọ yìí kì í ṣe ẹni tí a bí ní akíkanjú. Nígbà tí ó wà ní oko ẹrú, ìbànújẹ́ wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbìrò ní òru láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ìgboyà ni kò tó. Bí ẹni tí ó ti wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ bá wá lo ju 80 ọdún lọ láyé, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó gbé e ró.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí ó dé Sàró ni ó ti mọ ìwé kà, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Weeks pẹ̀lú. Ìwé ní ọwọ́ kan, ayùn ní ọwọ́ kejì. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 11 December 1825, ó sì wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Ó gbé Asano níyàwó, ọmọbìnrin tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun, tí a sì ń pè ní Susan lẹ́yìn ìrìbọmi rẹ̀. Nǹkan bí 50 ọdún ni wọ́n fi jẹ́ ọkọ àti aya, títí Susan fi kú ní 1880. Àwọn oníṣègùn òde òní ń sọ fún wa pé ìdánìkanwà a máa ba ara jẹ́, pàápàá ara àgbàlagbà. Nínú àwa tí a wà ní ìdálẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó ti fi aya sílẹ̀ ní ilé láti ọdún dé ọdún nítorí òwò, wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé ara àwọn kò dá ṣáṣá.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ ìlera tí ó tóbi jù lọ wà nínú ìtàn yìí ni ìrìn-àjò méjì tí ó bá wọn rìn lórí Odò Ọya. Ní 1841 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, láti wọ odò náà lábẹ́ Kápútẹ́nì Trotter. Crowther wà níbẹ̀ pẹ̀lú Àlùfáà J. F. Schön. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ wọ̀nyí tó 145. Oṣù August ni wọ́n wọ odò. Bí oṣù September ti bẹ̀rẹ̀ ni ibà bẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó ń fi agbára ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ a ti dùbúlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n dá Soudan padà sí òkun pẹ̀lú ẹrù àwọn aláìsàn, wọ́n sì dá Wilberforce padà tẹ̀lé e. Albert nìkan ni ó gòkè dé Egga ní ilẹ̀ Tápà, níbi tí kò ti lè lọ síwájú mọ́, nítorí pé Kápútẹ́nì fúnra rẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kò sí ẹni tí ó lè wa ọkọ̀. Dókítà McWilliam ni ó di ìtọ́kọ̀ mú. Dókítà Stanger, ẹni tí ó jẹ́ pé ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni a torí rẹ̀ mú un wá, ni ó lọ jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń wo inú ìwé kí ó tó mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ kàn. Àwọn òyìnbó tí ó kú lé ní 40. Gbogbo rẹ̀ ṣojú Crowther.

Kì í ṣe pé wọn kò mú oògùn lọ́wọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ pàtàkì kan sí inú ọkọ̀ tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ wọlé, nítorí pé gbogbo ayé gbà nígbà náà pé afẹ́fẹ́ búburú àbàtà ni ó ń fa ibà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àìsàn bá ti wọlé tán ni a tó ń sáré wá oògùn tí ó tó.

Ní 1854 Crowther tún wọ odò náà nínú ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Pleiad. Ẹni tí ìbá jẹ́ olórí, Ọ̀gbẹ́ni Beecroft, kú kí wọ́n tó ṣí, Dókítà W. B. Baikie sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Òyìnbó 12 àti ènìyàn dúdú 54 ni ó wà nínú ọkọ̀. Wọ́n lo 118 ọjọ́ lórí omi, wọ́n gba ẹnu Odò Bẹ́núé gòkè lọ jìnnà, wọ́n sì padà dé òkun láìsí pé ẹnì kan ṣoṣo kú. Ohun tí Baikie ṣe kò ju èyí lọ: kò dúró de ibà. Ojoojúmọ́ ni ó ń fún àwọn òyìnbó rẹ̀ ní oògùn kíníìnì, ara wọn ìbáà le, ìbáà má le. Inú wáìnì ni wọ́n ti ń pò ó, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ má ṣe rí ìyẹn dì mú. Kíníìnì ni ó ṣiṣẹ́, kì í ṣe wáìnì.

Kò sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ náà tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ọ̀tá. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ara ẹ̀fọn. Síbẹ̀ ìṣe kékeré kan, tí a kò fi ọjọ́ kan jẹ, ti gba àwọn ènìyàn là ní 43 ọdún ṣáájú kí ìmọ̀ tó dé. Ní òde òní a kì í mu kíníìnì láti fi dènà ibà mọ́. Abẹ́ àwọ̀n tí a fi oògùn sí ni a ń sùn, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà. Ní orílẹ̀-èdè Niger, nígbà òjò, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a máa fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn ìdènà lóṣooṣù. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ń fi lò ó. Ó dùn wá láti sọ pé àwọn ìyá kan a fún ọmọ ní ti ọjọ́ kìn-ín-ní níṣojú òṣìṣẹ́ ìlera, wọn a sì gbàgbé ti ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta sí abẹ́ ìrọ̀rí, nítorí pé ara ọmọ yá. Ara àwọn tí ó wọ odò ní 1841 náà yá ní oṣù August.

Àwọn mìíràn a máa wí pé ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ kò nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní bá wọn jiyàn púpọ̀. Crowther gbàdúrà nínú ọkọ̀ 1841, ó sì gbàdúrà nínú ọkọ̀ 1854. Ọlọ́run kan náà ni ó gbàdúrà sí.

Láàárín ìrìn-àjò méjèèjì ni a fi í jẹ àlùfáà ní London ní 1843, ó sì bá àwọn míṣọ́nárì dé Abẹ́òkúta ní oṣù August 1846. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tí ó sì wá a wá ní 21 August. Ọdún 25 ni wọn kò ti rí ara wọn. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ kò lè jáde. A ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà ní 1848, ó ń jẹ́ Hannah, ó sì wà láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ títí ó fi kú ní 1883, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ sí 100. Obìnrin tí ogun kó, tí a tà lẹ́rú, tí ó pàdánù ọmọ ọkùnrin rẹ̀ fún ọdún 25! A kò rò pé oúnjẹ dáradára nìkan ni ó fún un ní irú ọjọ́ gígùn bẹ́ẹ̀.

Ní ti Crowther fúnra rẹ̀, ohun kan wà tí ó sọ di àṣà, tí ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìwé kọ láti ṣe. Ó ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ nígbà tí ó bá wà ní ìrìn-àjò. Àwọn àkọsílẹ̀ odò wọ̀nyí di ìwé tí a tẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ kì í ru ú sùn. Èkejì ni pé kò jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ sinmi kíkọ́ ohun titun. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó tẹ ìwé ABD èdè Ìgbò jáde ní 1857, ó kọ́ èdè Tápà, ó sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Ìgbò jáde ní 1882, nígbà tí ó ti lé ní 70 ọdún. Àwa ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ní Wadata a máa sọ Zarma, Hausa àti Faransé láàárín ìṣẹ́jú kan. Baba wọn tí ó ti gbé níbẹ̀ fún 30 ọdún kò mọ̀ ju iye owó tí yóò fi ná ọjà lọ.

Kì í ṣe pé nǹkan ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù October 1857 ọkọ̀ Dayspring tí ó wà nínú rẹ̀ kọ lu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Nǹkan bí ọdún kan ni àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ fi wà ní etí odò kí ìrànlọ́wọ́ tó dé; kò fi àkókò náà ṣòfò, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ èdè. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún 11 ọdún sì jóná. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1864 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ní 1867, ìjòyè kan tí ó ń jẹ́ Abokko mú un ní ìgbèkùn lẹ́bàá Odò Ọya, ó sì ń béèrè owó ẹyọ púpọ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀. Ọfà pa aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó tún wọ ọkọ̀ padà sí odò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó kan àwa tí a wà láàárín àwọn Mùsùlùmí. Crowther kì í fi ìbínú bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé ààfin Ẹ́míà Ìlọrin ní 1872, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó ń ka ìdáhùn láti inú Bíbélì Yorùbá fún wọn, kò sì bu ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ sin ín jáde. Kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìwàásù nìkan ni èyí ti ṣe pàtàkì. Gbogbo wa ni a rántí January 2015, nígbà tí a dáná sun ilé ìsìn tí ó lé ní 40 ní Niamey láàárín ọjọ́ kan, nítorí àwòrán tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Faransé tí àwa kò mọ ọwọ́ mẹ́sẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kí aládùúgbò rẹ̀ láàárọ̀, tí ó ń bá a yọ̀ nígbà ìsọmọlórúkọ, tí ó ń lọ kí i nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, ní ibi ìsádi. Ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ.

Àwọn ọba Mùsùlùmí náà mọ irú ẹni tí Crowther jẹ́. Ní nǹkan bí 1884, Malíkì, Ẹ́míà Tápà ní Bídà, kọ ìwé ní èdè Hausa pé kí a jíṣẹ́ òun fún Bíṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó kọ. Ọtí líle tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń gbé wá ni ó ń sun ún lẹ́kún. Ó ní ó ti ba ilẹ̀ òun jẹ́, ó sì ti sọ àwọn ènìyàn òun di wèrè. Ó bẹ Bíṣọ́ọ̀bù kí ó bá òun bẹ àwọn aláṣẹ ìjọ òyìnbó kí wọ́n dá òwò náà dúró. Ìwé náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ra ọtí inú ọ̀rá pẹlẹbẹ ní ibùdókọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọrùn. Ní oṣù August 1890, nígbà tí ó ti lé ní 80 ọdún, ìgbìmọ̀ ìnáwó Míṣọ̀nù Odò Ọya péjọ ní Onitsha. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó, tí ó tó ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ìbá jẹ́, dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ó kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ìròyìn yìí bí àwọn onígbàgbọ́ ní Èkó nínú púpọ̀, ó sì wà nínú ohun tí ó mú kí àwọn kan dá ìjọ United Native African sílẹ̀ ní August 1891, ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Áfíríkà ní ìlú náà. Crowther kò bá wọn lọ. Ó dúró sí ibi tí ó wà, ó ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú àwọn ìjọ etí òkun ní Bonny àti agbègbè rẹ̀, kí wọ́n lè máa bọ́ ara wọn láì gba owó òyìnbó. Nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a wí yìí, Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní June 1891, Brooke sì kú ní March 1892. Aláápọn ènìyàn ni wọ́n, a kò sì sọ èyí láti yọ̀ wọ́n.

Àrùn ẹ̀gbà kọ lu Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1891 náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 December, ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún. Susan ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún 11, ìyá rẹ̀ sì ti ṣáájú lọ ní ọdún mẹ́jọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Herbert Macaulay, wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun náà lo 81 ọdún láyé.